Ìbọn Tí A Ń Gbé Lọ Gba Àdúrà

                                                  Weserstraße,
                                                  Neukölln,
                                                  Berlin.
                                                  Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2026.

Dúnní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Tolú,

Ṣé dáadáa ni o wà? Òtútù Hamburg ńkọ́, ṣé kò tíì wọ̀ ọ́ légungun? Orúnkún Joel ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú? Báwo ni Tolú àti ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ wọn tó ń hu eyín? Mo béèrè gbogbo wọn o, má rò pé ẹnu lásán ni mo fi ń kí yín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ pé a wà. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe sọ ọ́ ní kúkúrú báyìí, o ti fura, nítorí o mọ̀ mí ní ẹni tó máa ń fi odindi ojú ewé kí ènìyàn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní olè wọ ilé obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ yín ní Veddel, ní ọ̀sán gangan, àti pé láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ àtẹ̀gùn, àyà rẹ a já. O ní Joel ti sọ pé ìbọn ló kù, pé ẹ̀yin méjèèjì ń lọ sí ilé ìtajà kan ní Altona lọ́jọ́ Sátidé, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé Bàbá Miriam ra tirẹ̀, kí n sọ èwo ló dára jù fún ọwọ́ arúgbó tí kò di ìbọn mú rí. Mo gbìyànjú láti pè ọ́ padà. Bí fóònù ṣe ń dún lọ́hùn-ún ni ẹkún gbọ̀n mí níhìn-ín, mo sì yára pa á. Ìdí rèé tí mo fi mú bírò. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí, kí o sì ka lẹ́tà yìí tán kí Sátidé tó dé.

Ẹ̀rù ń bà mí, Dúnní. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí n tó sọ nǹkan mìíràn, kí o má baà rò pé mo ti di ọlọ́gbọ́n tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn.

O rántí pé olè wọ ilé wa nínú oṣù Kọkànlá. Mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ nígbà náà. Àwa méjèèjì ti lọ rí dókítà nítorí làkúrègbé tó wà lọ́wọ́ Bàbá Miriam. Oòrùn ṣì wà lókè, àwọn ọmọ iléèwé ń lọ sílé. Nígbà tí a dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé Miriam ló wá kí wa, mo sì ń pe orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe ń wọlé. Wọ́n ti tú gbogbo dúrọ́ọ̀ sílẹ̀. Góòlù tí màmá mi fi sílẹ̀ fún mi kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n góòlù kọ́ ló ń dùn mí jù. Ẹni náà jókòó sórí ibùsùn wa, ojú ibi tó jókòó sí ṣì wà níbẹ̀. Ó sì mu nínú omi tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi. Olè mu omi mi, Dúnní. Mo fọ kọ́ọ̀bù yẹn, mo tún un fọ̀, nígbà tó yá mo jù ú nù.

Ọlọ́pàá wá, wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ, wọ́n sì sọ fún wa pé kì í sábà ṣeé ṣe láti rí irú àwọn olè bẹ́ẹ̀ mú. Onílé pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Àyà wa ni kò rí ẹni bá wa pààrọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Miriam ti ń gbé ọmọ odó kiri inú ilé. Bó bá ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ odó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń wo ìròyìn, ó gbé e lé itan. Mo bi í pé iyán ta lẹ fẹ́ gún. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò lè wẹ̀ mọ́ àfi bó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú ọmọ odó yẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Ìgbà tó yá ló wá sọ ọ̀rọ̀ ìbọn. Dúnní, ìwọ náà mọ ọkùnrin yìí, kò pa ẹran rí bí kò ṣe adìyẹ. Bàbá rẹ̀ ní ìbọn ṣakabùlà kan tó gbé kọ́ sára àjà nílé wọn, ọmọ kan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí ó fi ìka kan án, ẹgba ló fi jẹ. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìbọn kò ju ẹgba yẹn lọ. Èmi ò tilẹ̀ mọ tó ìyẹn, inú fíìmù ni mo ti ń rí i. Irú àwa yìí la wọ ilé ìtajà ìbọn lọ.

Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní sùúrù. Ó béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Bàbá Miriam ní nítorí olè ni. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní ìbọn tó ń yin ọta, àfi kí ìjọba fún èèyàn ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Waffenbesitzkarte, àti pé bí irú wa bá wí fún wọn pé olè ń ba àwa lẹ́rù, wọn ò ní torí ìyẹn fún wa. Ó ní ohun tí àgbàlagbà èyíkéyìí lè rà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Schreckschuss. Kò ní ọta. Ariwo ló ń pa, ó sì ń tú tajútajú síta. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí, bó ṣe wúwo, bó ṣe ń dún, kò yàtọ̀ sí ojúlówó, ọlọ́pàá pàápàá kò lè dá a mọ̀ lókèèrè. Ìyẹn gan-an ló wu Bàbá Miriam.

Ó wá kó wọn jáde, ó tò wọ́n sórí gíláàsì bí ẹja yíyan. Èyí àkọ́kọ́ tóbi, ó dúdú. Bí Bàbá Miriam ṣe gbé e, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀. Ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fa ẹ̀yìn rẹ̀ padà kó tó lè ṣiṣẹ́, ìka rẹ̀ tó ní làkúrègbé kò sì lè fà á, ọkùnrin náà ló bá a fà á. Èkejì kéré, ó wọ̀ mí lọ́wọ́, àmì ara rẹ̀ ni ò tóbi tó. Láìlo jígí, mi ò mọ ìgbà tó wà ní títì àti ìgbà tó ti ṣetán. Mo béèrè bóyá olè yóò dúró kí n wá jígí mi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní ohun róbótó láàárín. Kò sí pé à ń fa ẹ̀yìn, ìka nìkan lèèyàn ń lò, ṣùgbọ́n ibi tí ìka ń fà yẹn le tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Miriam fi ìka méjì fà á, gbogbo ìgbà tó bá sì ti fà á, ẹnu ìbọn á tẹ̀ wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀. Mo rí i tí ọkùnrin náà fa ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta yìí la rà.

Ọkùnrin náà ṣì bi wá ní ìbéèrè. Ta ló máa lò ó nínú àwa méjèèjì? Níbo la máa gbé e sí? Ṣé ọmọ kékeré ń wá sílé wa? Bí a bá tú tajútajú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, ojú ta ni yóò kọ́kọ́ ta? Ó wá gbé e sínú àpótí kékeré kan, ó tì í, ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Mo gbọ́ pé inú àpótí títì ni kó wà títí a ó fi délé. Mo gbọ́ Kleiner Waffenschein, ìwé tó yẹ kéèyàn ní kó tó lè gbé e káàkiri. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Èdè rẹ̀ yára, ènìyàn ti dúró lẹ́yìn wa, mo bá ní “Ja, ja.” O mọ “ja, ja” wa yẹn, èyí tá a máa ń sọ ní ọ́fíìsì nígbà tí òyìnbó bá ń sọ̀rọ̀ bí òjò, tá ò fẹ́ kó tún un sọ kó má baà rò pé a ò gbọ́. Bàbá Miriam rí i pé mo mi orí, òun náà mi orí.

Nígbà tí ìbọn dé ilé, ẹ̀rù di méjì. Bàbá Miriam kọ́kọ́ gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, bó bá sì ti yíra padà, èmi á dìde jókòó. Mo gbé e lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù ìkòkò, ni mo bá ń gbàgbé, màá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú iyọ̀, màá sì kígbe. O mọ Mia, ọmọ Miriam, kò sí ibi tí kì í gùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí kí ìyá rẹ̀ má baà gbé e wá. Èmi, Dúnní, tí mo ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ retí ọmọ yẹn, èmi ni mo ń sọ pé ó rẹ̀ mí.

Bàbá Miriam kò sì tíì kó nǹkan kan sínú ìbọn náà. Mo rò pé òun náà ń bẹ̀rù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó ní àwa kì í mú ohun tuntun wọlé láìgbàdúrà sí i. Òótọ́ sì ni. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí a kọ́kọ́ rà dé orí pẹpẹ. Ìwé ẹ̀rí Miriam dé ibẹ̀. Wòólì Ayọ̀bámidélé fi òróró kan ẹ̀rọ ìfọṣọ wa, o rántí pé ìwọ àti Joel rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún yín. Bàbá Miriam ní irú ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rù, bí a kò bá gbàdúrà sí i, ó lè kọjú sí ẹni tó ni ín. Ká gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí Wòólì fi òróró kàn án, kó sì gbàdúrà pé kó má rí ohun tí yóò mú un dún láéláé. Mo gbà. Inú mi dùn pàápàá. Láti oṣù Kọkànlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Wòólì kò sì lè gbé ọwọ́ lé ohun tó wà nínú àpótí. Nítorí náà Bàbá Miriam yọ ọ́ jáde, ó fi aṣọ funfun wé e, ó tẹ́ ẹ sínú báàgì pẹ̀lú Bíbélì àti ìgò òróró. Bí ẹni ń gbé ọmọ lọ fún ìsàmì ló ṣe gbé báàgì yẹn. A wọ sùtánà wa, a wọ kóòtù lé e, a sì jáde.

A sọ̀kalẹ̀ sí ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Hermannplatz láti wọ ọkọ̀ U8 lọ sí àdúgbò Wedding, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Ènìyàn kò pọ̀. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin kan dúró níbi tá a ti ń dúró de ọkọ̀, wọ́n ń yẹ báàgì àwọn èèyàn wò, nítorí òfin wà báyìí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọ̀bẹ tàbí ìbọn wọnú ọkọ̀. Mo rí wọn. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé a ní ìbọn lọ́wọ́. Ọlọ́run gbọ́, lọ́kàn mi, nǹkan àdúrà la gbé.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin onírun yẹ́lò kan tí kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, wá bá Bàbá Miriam, ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní kó jẹ́ kí òun wo inú báàgì. Bàbá Miriam kì í fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn setí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ó máa ń súfèé bí àwọn akọrin bá gbé orin sókè. Kò gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí. Ó rí aṣọ ọlọ́pàá, ó rò pé tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń béèrè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní “Moment, moment,” ó sì ti ọwọ́ bọ báàgì láti wá pọ́ọ̀sì rẹ̀. Pọ́ọ̀sì wà lábẹ́ aṣọ funfun. Aṣọ náà ṣí.

Mo gbọ́ “Waffe!” Ìbọn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa tiwọn yọ, èyí tó ní ọta nínú, wọ́n sì kọjú rẹ̀ sí àyà ọkọ mi. Wọ́n ń pariwo pé kó yọwọ́, kó dùbúlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, Dúnní. Ó yíjú sí mi, bó ṣe ti máa ń yíjú sí mi ní gbogbo ọ́fíìsì láti ọjọ́ tí a ti dé orílẹ̀-èdè yìí, pé kí n sọ ohun tí wọ́n ń wí fún òun.

Mo la ẹnu, èdè Jámánì kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ lọ, àfi bí ẹni tí kò gbé ìlú yìí rí. Mo ń wá ọ̀rọ̀ kan tó lè mú ọkùnrin balẹ̀ kíá, kò sì gbọdọ̀ gùn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni:

“Adéníjì, dọ̀bálẹ̀!”

Èmi tí mi ò la orúkọ ọkọ mi mọ́lẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti gbé mi níyàwó. Kì í ṣe ohùn aya ni mo fi pè é, ohùn ìyá tó bí i ni. Ó sì gbọ́. Etí tí kò gbọ́ ariwo ọlọ́pàá mẹ́rin gbọ́ ìyẹn. Kò béèrè ẹni tí òun ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ó ju báàgì sílẹ̀, torí a kì í gbé ẹrù dání dọ̀bálẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì nà gbalaja sórí ilẹ̀ tútù yẹn pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ tí kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn wa. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún ń dọ̀bálẹ̀ fún láyé.

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é níbẹ̀. Ọkọ̀ dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, àwọn èrò ń wò wá, ẹnì kan gbé fóònù sókè, ilẹ̀kùn padé, ọkọ̀ lọ. Èmi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ìbọn náà wò, mo gbọ́ tí ọ̀kan ní Schreckschuss ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohùn gbogbo wọn wálẹ̀. Wọ́n gbé e dìde, ọ̀kan sì ń fi ọwọ́ gbọn ìdọ̀tí kúrò lára sùtánà rẹ̀. Nígbà tí mo rí ìyẹn ni ẹkún tó sọ.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọmọ onírun yẹ́lò yẹn gbé omi wá fún mi. Ó béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọkọ mi. Èdè wọn ti padà sí mi lẹ́nu nígbà náà. Mo ní:

“Mo sọ fún un pé kó kí yín ni.”

Kò lè wo ojú mi. Mo bi í pé bí ọkọ mi kò bá balẹ̀ ńkọ́? Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, “Ich hätte geschossen.” Òun ì bá ti yìnbọn. Lẹ́yìn náà ó jáde.

Wọ́n gba ìbọn náà, wọ́n sì pe ẹjọ́ mọ́ wa. Miriam sáré wá, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Jámánì, “Mama, warum habt ihr mich nicht gefragt?”, kí ló dé tí a ò bi òun léèrè. Ó ti bá wa wá lọ́yà kan, lọ́yà náà ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n wo ọjọ́ orí wa mọ́ wa lára, òun kò sì lè búra. Bí wọ́n bá ti ju ìwé sínú àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀, mo máa ń di ògiri mú. Tẹ́lẹ̀ olè nìkan ni mò ń sá fún. Ní báyìí, bí mo bá rí aṣọ ọlọ́pàá lójú pópó, màá kọjá sí òdìkejì, èmi tí mi ò jí abẹ́rẹ́ rí.

Bàbá Miriam kò gbé ọmọ odó mọ́. Ó kàn ń jókòó lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí orúnkún. Lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn kan náà, Tọ́baọlá, ọkọ Miriam, wá kí i. O mọ ọmọ yẹn, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ kì í rí àna rẹ̀ kó má dọ̀bálẹ̀, ì báà jẹ́ ẹnu ọ̀nà, ì báà wọ kóòtù. Bàbá Miriam fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn ju nítorí ohunkóhun lọ, ó máa ń fi yangàn fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọmọ náà ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀, Bàbá Miriam fò dìde lórí àga, ó di èjìká rẹ̀ mú. “Má ṣe é,” ó ní. “Jọ̀ọ́, má ṣe é níwájú mi mọ́.” Omi sì ń dà lójú rẹ̀. Tọ́baọlá dúró níbẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Èmi náà kò mọ̀. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo ṣí ẹ̀rọ omi kí ariwo rẹ̀ lè bo ariwo mi.

Ọ̀rẹ́ mi, o ní kí n sọ èwo ló dára fún ọwọ́ arúgbó. Mo ti gbé mẹ́ta wò. Èyí tó wúwo yóò ṣẹ́ ọ lọ́wọ́, èyí tó fúyẹ́, ojú rẹ kò ní rí àmì rẹ̀, èyí tó rọrùn yóò kọjú sí ẹsẹ̀ Joel. Kò sí ọ̀kan tó dára. Ohun tí à ń ṣe báyìí rèé. Tọ́baọlá ti bá wa kan ọ̀pá irin kan tó dábùú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti ògiri dé ògiri, èmi alára lè fi ọwọ́ kan sún un. Àwọn ọlọ́pàá ní ẹni tó máa ń wá sílé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti wo ilẹ̀kùn àti fèrèsé kó sì sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó, Miriam ló pè wọ́n, wọ́n ń bọ̀. Ṣẹ̀fíátù, aládùúgbò wa tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tiwa, ń kan ilẹ̀kùn wa láràárọ̀, àwa náà ń kan tirẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rù kò tán o, irọ́ ni n óò pa bí mo bá ní ó tán. Mo ṣì ń gbé gbogbo kọ́ọ̀bù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí n tó jáde. Ṣùgbọ́n Mia wá lánàá, ó gun gbogbo ohun tó fẹ́ gùn, mi ò sì ní kó sọ̀kalẹ̀.

Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí Joel lọ sí Altona. Mo mọ̀ pé yóò ní òun kò ní gbé tòun jáde nílé, pé aláìgbọ́n ni wá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan á wà tí ìró máa dún lẹ́nu ọ̀nà yín, tí aládùúgbò á ti pe ọlọ́pàá, tí wọ́n á sáré gun àtẹ̀gùn, tí Joel á sì ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú nǹkan yẹn lọ́wọ́. Bàbá Miriam kò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ó kàn nà sílẹ̀ ni. Ìwọ mọ ọkọ rẹ. Wọ́n ní kó dúró, yóò ní nítorí kí ni. Wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè ìdí.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn nígbà tí Bàbá Miriam wá dúró lẹ́yìn mi. Ó fa ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi jígí sójú, ó lọ jókòó sí etí fèrèsé, ó ń kà á. Mo mọ ibi tó dé nípa bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró. Mo ní kí ẹ má bínú, màá ya ojú ewé yẹn, màá tún òmíràn kọ, màá kàn sọ pé ẹ dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí ẹ ṣe. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi.

“Jẹ́ kó wà níbẹ̀,” ó ní. “Joel kò ní gbọ́ bí kò bá rí ìyẹn. Kọ ọ́ sí i pé èmi ni mo ní kí o fi sílẹ̀.”

Mo ti kọ ọ́.

Bá mi kí Tolú àti ìyàwó rẹ̀, kí o sì fi ọwọ́ pa ọmọ wọn lórí fún mi. Kí Joel dáadáa, ka lẹ́tà yìí fún un, má fo nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé, pè mí láti inú ilé yín, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ni tìrẹ, bá a ṣe wà láti ìgbà èwe,

Fọláwùmí,
Ìyá Miriam.